Kápúsù fún gbogbo ọkọ̀ ìje, àbí kí owó lọ síbi tó ti pọn dandan?

Ọmọ Ìgbì béèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan wà níwájú ìgbìmọ̀ òfin ẹgbẹ́ eré ìje ọkọ̀ ojú omi kékeré kan níbí ní Amẹ́ríkà, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dá sí i kó tó di pé a dìbò.

Ọkọ̀ tó ń sáré nínú ẹgbẹ́ náà kò ju mẹ́rìnlélógún lọ. Háídró àti runabout, irú ọkọ̀ ìje kékeré méjì, ni gbogbo wọn, orí wọn ṣí sílẹ̀, orí eékún sì ni awakọ̀ ń wà wọ́n. Àwọn ọmọdé ń wa ìsọ̀rí J, èyí tí wọ́n fi àwo kékeré dí ọ̀nà atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó má baà yára jù. Ó ń sá bíi máìlì 35 sí 40 ní wákàtí kan. Èyí tó yára jù lọ́wọ́ àwọn àgbà ń sá bíi 70. Kò sí owó ẹ̀bùn, kò sí onígbọ̀wọ́. Àpò kálukú ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé láti ọdún tó ń bọ̀, gbogbo ọkọ̀ àgbà gbọ́dọ̀ ní kápúsù, ìyẹn yàrá líle tí a ń dé awakọ̀ mọ́, pẹ̀lú bẹ́líìtì ìjókòó, HANS fún ọrùn, ìgò atẹ́gùn, àti àṣíborí tó ní àmì SA ti Snell, àjọ tó ń dán àṣíborí wò. Owó kápúsù nìkan ju iye tí èèyàn lè ta púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà lọ. Ìdajì àwọn awakọ̀ ti ní àwọn yóò lọ jókòó sílé. Bí ọkọ̀ bá sì dín kù sí méjìlá, owó áńbúláǹsì, ọkọ̀ ìdóòlà àti adójútòfò tí a jọ ń pín á di ìlọ́po méjì lórí ẹni tó kù.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò dìde láàárín ìpàdé sọ pé ààbò ti wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ohun tí owó ń rà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa kọ́kọ́ sọ di dandan, kí lẹ máa fi sílẹ̀, kí sì nìdí?

Fáíbà àti Igi dáhùn:

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé e wá kí ẹ tó dìbò. Ẹ má gba àbá yẹn bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wí; bí ẹ bá lẹ kápúsù mọ́ ọkọ̀ tí wọn ò kàn fún un, ẹ máa sọ ọkọ̀ náà di ewu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì péré ni awakọ̀ fi ń bọ́ nínú ìjàǹbá lórí omi. Èkínní ni kó jábọ́ kúrò nínú ọkọ̀ láìsí ohun tó fà á lẹ́sẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀, kí ọkọ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Èkejì ni kó dúró sínú ọkọ̀ pátápátá, nínú yàrá tí kò ní fọ́, kí bẹ́líìtì dì í mú, kó sì rí atẹ́gùn mí títí tí yóò fi jáde. Àárín méjèèjì ni ikú wà. Bẹ́líìtì nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò lágbára, ẹ ti de awakọ̀ mọ́ igi tó máa fọ́ nìyẹn, a sì máa bá a lábẹ́ omi, a ò ní bá a lórí omi. Nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín gbangba: kò sí bẹ́líìtì nínú ọkọ̀ tí kò ní kápúsù.

Ẹ wo bí kápúsù ṣe bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ ìje ńláńlá ni Bill Muncey àti Dean Chenoweth. Muncey kú ní Acapulco ní Mẹ́síkò ní 1981, Chenoweth kú lórí odò Columbia ní Amẹ́ríkà ní 1982. Atẹ́gùn wọ abẹ́ ọkọ̀ àwọn méjèèjì, ó gbé imú rẹ̀ sókè, ó sì dà á dé sẹ́yìn. Nígbà tó di 1986, ọkọ̀ Miss Budweiser jáde pẹ̀lú ìbòrí ọkọ̀ òfurufú ogun F-16, gbogbo ọkọ̀ ńláńlá ìsọ̀rí yẹn sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni ìyẹn. Kápúsù kò tó nǹkan lára rẹ̀.

Háídró tí èèyàn méjì lè gbé lọ́wọ́ yàtọ̀. Ara awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n ọkọ̀ náà. Ó ń ti ara síwájú lójú ọ̀nà títọ́ kí imú ọkọ̀ má gbéra, ó ń tẹ̀ sínú nígbà tó bá ń yí. Bí ẹ bá de irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìjókòó, ẹ ti gba ohun tó fi ń dá imú ọkọ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì máa fi bọ́ọ̀tì kan kápúsù mọ́ plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti igi tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá fi orí gbá omi, bọ́ọ̀tì á fà yọ, kápúsù á já pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀.

Agbára tí atẹ́gùn fi ń gbé ọkọ̀ ń pọ̀ bí ìgbà tí a bá fi eré sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 40 sí 70 máìlì, eré kò tíì di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n agbára tó ń gbé imú ọkọ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí òfin kan náà kò fi lè bá ọmọ tó ń wa J àti àgbà tó ń sá 70 mu.

Ohun mìíràn tí àwọn tó kọ àbá yẹn kò ṣírò: kápúsù kì í dá wá. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń jáde nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé. Wọ́n á dè é mọ́ ìjókòó, wọ́n á dà á dé nínú omi ìwẹ̀, yóò wá atẹ́gùn rẹ̀, yóò tú bẹ́líìtì, yóò jáde. Ọkọ̀ ìdóòlà gbọ́dọ̀ ní òmùwẹ̀ tó ti múra tán, tó lè wọ omi láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìbòrí kápúsù láti ìta. Bí ẹ kò bá ní òmùwẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ eré, ẹ má ì tíì sọ kápúsù di dandan.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí: kí àwọn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀ máa wà ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí eré wọn kọjá ibi tó wà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ra ọkọ̀ tí wọ́n kàn pẹ̀lú kápúsù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Bàbá Púlì dáhùn:

Mo fara mọ́ ohun tí Fáíbà àti Igi sọ. Jẹ́ kí n wá sọ ibi tí owó kékeré ti ń gba ẹ̀mí là, nítorí ibẹ̀ ni àyẹ̀wò kì í ti í jinlẹ̀.

Súwíìṣì tó ń pa ẹ́ńjìnnì ni àkọ́kọ́, èyí tí okùn rẹ̀ wà lára awakọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2021 pé níbi tí ó bá ti wà lára ọkọ̀ tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26, awakọ̀ gbọ́dọ̀ so ó mọ́ra nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ẹ̀yin ti ń lò ó, mo mọ̀. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ó ń ṣiṣẹ́.

Nínú ẹ́ńjìnnì two-stroke tí kò lo bátìrì, wáyà kan ń ti ibi tí iná ti ń jáde wá sí súwíìṣì. Bí okùn bá já, súwíìṣì á so wáyà yẹn mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, iná á sì kú. Ẹ wò ó dáadáa: kí wáyà *so* ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Bí wáyà náà bá gé, tàbí tí ẹnu rẹ̀ dípẹtà, tàbí tí wọ́n fi òrùka rẹ̀ lé orí ọ̀dà dípò irin, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lọ bó ti yẹ. Kò sí àmì kankan tí ẹ máa rí. Ọjọ́ tí awakọ̀ bá jábọ́ ni ẹ máa mọ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí po tí própẹ́là rẹ̀ ń padà bọ̀ wá bá a.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú wáyà náà kúrò níbi tí iná ti ń jáde, kí ẹ fi mítà iná tó ń wọn ohm wọn láti ẹnu wáyà sí irin ẹ́ńjìnnì. Bí okùn bá wà níbẹ̀, mítà kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Bí ẹ bá fa okùn yọ, ó gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ sí ohun tí kò tó ohm kan. Lẹ́yìn náà ẹ so wáyà padà, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ fa okùn náà láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà nìkan, torí pé ẹ̀gbẹ́ ni ara èèyàn sábà máa ń gbà jáde. Ẹ há ọ̀dà kúrò lábẹ́ òrùka wáyà títí irin fi máa dán, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ bò ó kí omi má baà jẹ ẹ́. Okùn náà kò gbọdọ̀ gùn débi tó lè lọ́ mọ́ sítíárì. Ẹ má so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Ara láífù-jákẹ́ẹ̀tì tàbí itan ló dára. Kí ọkọ̀ ìdóòlà ní àfikún kílíìpù kan lọ́wọ́.

Sítíárì ló kàn. Wáyà irin tó ń fa ẹ́ńjìnnì yí, tí wọ́n fi rọ́bà bò, máa ń fi ìpẹtà pa mọ́ sínú. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń kọjá lórí púlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń gbé wáyà yí; bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ rọ́bà, tàbí tí rọ́bà wú, okùn inú ti ń já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Púlì tó kéré jù ló ń fa ìyẹn. Ó ń ṣẹ́ wáyà níbi kan náà lójoojúmọ́. Kí púlì má ṣe wà lórí skúrù onígi láé. Bọ́ọ̀tì tó gba inú igi kọjá, wáṣà ńlá lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì tó ní náílọ́ọ̀nù nínú. Níbi tí wáyà bá ti yí padà sórí ara rẹ̀, kílíìpù mẹ́ta: kí irin kílíìpù tó rí bí U wà lórí ẹnu tó gé, kí ìjókòó kílíìpù wà lórí apá tó ń fa ẹrù. Bí ẹ bá yí i sódì, U á fọ́ apá tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún mú un le lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá sáré àkọ́kọ́, nítorí wáyà tuntun máa ń fà. Sípíríǹgì tó ń mú wáyà le ní apá méjèèjì náà gbọ́dọ̀ wà láàyè. Bí wáyà bá dẹ̀, á yọ kúrò lórí púlì, ọkọ̀ á sì ṣẹ́rí lójijì ní 60 máìlì.

Tọ́rótù, ọwọ́ tí a ń fún kí eré pọ̀: ẹ fún un pa pátápátá, kí ẹ tú ọwọ́, kó padà ní kíá. Ẹ ṣe é nígbà tí sítíárì wà láàárín, lápá òsì pátápátá, àti lápá ọ̀tún. Kébù tí wọ́n gbà ní ọ̀nà tí kò dára máa ń há nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan péré.

Ẹ fi orí kọ́bọ̀ kan igi ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rọ̀ mọ́. Igi tó gbẹ ń dún gbọn-ìn gbọn-ìn. Èyí tó ti jẹrà ń dún bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀. Kí ẹ tún fi okùn irin kan so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ yàtọ̀ sí skúrù tó dì í mú.

Gbogbo èyí, kò sí èyí tó tó owó àṣíborí kan.

Àǹtí Àsíá Pupa dáhùn:

Bàbá Púlì, ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tí awakọ̀ ń wọ̀ àti bí eré ṣe ń lọ.

Àṣíborí: ẹ kò nílò SA nínú ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ sí M, ti ọ̀kadà, jù lọ ni àyẹ̀wò iná àti àyẹ̀wò fún irin tó yí awakọ̀ mọ́tò ká. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ nínú háídró, tó máa jábọ́ sínú omi, kò ní irin bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ gba Snell M tàbí SA tí ọjọ́ kò tíì lọ lórí rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni Snell ní kí a fi lo àṣíborí. Ẹ má ra tòkunbọ̀: ẹnikẹ́ni kò lè rí ìjàǹbá tó ti ṣẹlẹ̀ sí fóòmù inú rẹ̀. Kí àwọ̀ rẹ̀ tàn, bí ọsàn, kí wọ́n lè rí orí awakọ̀ láàárín ìgbì. Kó sì fún un dáadáa lábẹ́ àgbọ̀n, torí bí èèyàn bá fi ojú gbá omi, omi máa ń wọ abẹ́ àṣíborí bí ẹni tó wọ garawa, á sì fa ọrùn sẹ́yìn.

Láífù-jákẹ́ẹ̀tì ni mi ò lè fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún eré ìje, tó ní kọ́là lẹ́yìn orí àti okùn lábẹ́ itan. Láìsí okùn itan yẹn, jákẹ́ẹ̀tì á bọ́ gba orí lọ. Ẹ mú gbogbo awakọ̀ lọ sínú omi lẹ́ẹ̀kan lọ́dọọdún pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń wọ̀, aṣọ, bàtà, àṣíborí, kó dọ̀bálẹ̀ kó sì dẹra. Bí jákẹ́ẹ̀tì kò bá dá a padà kó kọjú sókè, kò yẹ fún un, bó ti wù kó wọ́n tó. Ọmọdé máa ń dàgbà kúrò nínú jákẹ́ẹ̀tì láàárín ọdún kan. Kí ẹgbẹ́ ra mẹ́rin tàbí márùn-ún tí àwọn òbí á máa yá; ẹ ti gbé owó ńlá kúrò lórí wọn nìyẹn.

Aṣọ Kevlar, tí okùn rẹ̀ kì í tètè gé, fún ẹsẹ̀ àti apá, nítorí própẹ́là. Kí ẹ kìlọ̀ fún wọn: búlíìṣì àti oòrùn ń jẹ Kevlar. Ọṣẹ lásán ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sí ibòji. Aṣọ tí wọ́n ń sá sórí ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè dára lójú kí okùn inú rẹ̀ ti kú.

Eré fúnra rẹ̀: ibi tí ọkọ̀ ti ń forí gbára jù ni ìyípo àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ mẹ́jọ sáré lẹ́ẹ̀kan dípò méjìlá, ẹ kò náwó rárá. Ẹ sún bóóyì, àmì tó ń léfòó, mọ́ ara wọn kí ojú ọ̀nà títọ́ kúrú, ọkọ̀ tó ń sá 70 lè má kọjá 62 kó tó di pé ó yí. Ẹ fẹ ìyípo náà díẹ̀. Okùn àti ìdákọ̀ró nìkan ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ ìdóòlà méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá wà lọ́dọ̀ awakọ̀ tó jábọ́, ta ló ń ṣọ́ àwọn yòókù? Àsíá pupa lójú ẹsẹ̀ tí ẹnìkan bá wà nínú omi. Kí awakọ̀ gbé ọwọ́ sókè bí kò bá ṣe é ní nǹkan. Bí kò bá gbé e, kí àwọn adóòlà pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n di orí àti ọrùn rẹ̀ mú lójú kan, kí wọ́n má bọ́ àṣíborí. Bí áńbúláǹsì bá gbé ẹnìkan lọ, eré dúró títí òmíràn á fi dé. Ibẹ̀ ló yẹ kí owó ẹgbẹ́ máa lọ. Bí ó bá wúwo, ẹ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó wà nítòsí, kí ẹ fi ọjọ́ méjì sáré ohun tí ẹ ń fi mẹ́rin sá. Áńbúláǹsì kan náà á sin ọkọ̀ tó pọ̀ sí i.

Ọmọ Ìgbì:

Ẹ ṣé gan-an ni. Àwọn kan á ní bí ẹnìkan bá ti fi fóòmù tó ń mú ọkọ̀ léfòó tàbí igi tó nípọn kún ọkọ̀ rẹ̀, yóò wúwo, yóò sì máa gbẹ́yìn. Báwo lẹ ṣe máa kọ ìyẹn?

Fáíbà àti Igi:

Ìwọ̀n tó kéré jù ló máa yanjú ẹ̀. Ẹ wọn ọkọ̀, awakọ̀ àti gbogbo ohun tó wọ̀ pa pọ̀, bí wọ́n bá ti ń jáde nínú omi, kí wọ́n tó nu ara. Ní ọdún tí ẹ bá fi ohun ààbò kún òfin, ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ kún iye tó kéré jù náà. Bí fóòmù àti igi bá jẹ́ kg 8, ẹ gbé e sókè ní kg 8 fún gbogbo ènìyàn. Nígbà náà ẹni tó fi í síbẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan, ẹni tí kò fi í á fi òjé dí i. Kò sì sí ẹni tí yóò máa fá igi ọkọ̀ rẹ̀ di pẹlẹbẹ tàbí kó ra carbon olówó ńlá, torí pé kò ní jèrè rẹ̀. Kí òjé náà wà lórí bọ́ọ̀tì tó gba inú igi kọjá.

Fóòmù: lítà kan tí omi kò lè wọ̀ ń gbé nǹkan bíi kg 1. Igi ọkọ̀ á léfòó fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ẹ ń ṣírò. Fún èyí tó jẹ́ kg 40, ẹ fi lítà 40 sí 50, kí púpọ̀ rẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ọkọ̀ má baà dúró lóòró bí igi nínú omi.

Lórí ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀: súwíìṣì, sítíárì, tọ́rótù, okùn itan, eré àkọ́kọ́ tó ń bọ̀. Àṣíborí àti aṣọ, ọdún kan. Fóòmù, ọkọ̀ tuntun lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ ọdún méjì. Ẹ kọ àmì ìdánwò tí nǹkan gbọ́dọ̀ ní, ẹ má kọ orúkọ ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá dárúkọ ilé iṣẹ́ kan, iye rẹ̀ á gbéra.

Ẹ̀bá Ọ̀sà béèrè:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí E1, eré ìje ọkọ̀ ojú omi oníná, ti wá sí Èkó ní oṣù kẹwàá 2025, àwọn ọ̀dọ́ kan níbí ti ń sọ̀rọ̀ eré kékeré pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Yamaha alágbára ẹṣin 15 lórí ọ̀sà. Nínú gbogbo èyí tí ẹ kà, èwo ni ti ọ̀sà yóò fi yàtọ̀?

Bàbá Púlì:

Ìdọ̀tí tó ń léfòó, àbúrò. Ewé, ike, gẹdú tó ń rìn lábẹ́ omi, àti ìgbì ọkọ̀ èrò. Ẹ gbàṣẹ lọ́dọ̀ LASWA, àjọ ojú omi ìpínlẹ̀ Èkó, àti NIWA, ti ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n lè ti ojú omi yẹn pa fún ọkọ̀ mìíràn, kí ọkọ̀ méjì sì fi àwọ̀n gbá ojú ọ̀nà náà kí eré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, torí pé omi tó ń wọlé tó ń jáde á ti gbé òmíràn dé láàárín ìdajì wákàtí.

Bí própẹ́là bá ti gbá nǹkan, kó má tún sáré lọ́jọ́ yẹn láìjẹ́ pé ẹ yọ ọ́. Ẹ nù ún, ẹ fi irin kékeré kan abẹ́ própẹ́là kọ̀ọ̀kan; kí wọ́n máa dún bákan náà. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú ti sán. Ẹ wo ìdí abẹ́ náà, níbi tó ti pàdé àárín, torí ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi iyọ̀ sì ń jẹ ẹnu wáyà súwíìṣì yín kíákíá ju omi tí kò níyọ̀ lọ, nítorí náà ìdánwò mítà tí mo sọ lókè, ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ nìkan. Ẹ ṣe é kí ọkọ̀ tó wọ omi fún eré kọ̀ọ̀kan.